Àtúnṣe Lésì Àárín Àwọn Ọdún 1970: Ìró Kúkúrú, Bùbá àti Bàtà Gárántì

Iṣẹ́ tí mo ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ yìí ni àtúnṣe odindi ìmúra obìnrin kan láti àárín àwọn ọdún 1970: ìró kúkúrú tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí olékú lónìí, bùbá rẹ̀, ìborùn, gèlè, àti bàtà gíga tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń pè ní gárántì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbàdàn, ni ó ni wọ́n. Nígbà tí ó ń kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bí o bá fẹ́ gbé e kọ́ ara ògiri, má wulẹ̀ gbé e. Wọ̀ ọ́ ni kí o wọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó darí gbogbo ìpinnu tí mo ṣe lẹ́yìn náà, nítorí aṣọ tí a fẹ́ fi sínú àpótí onígíláàsì àti aṣọ tí a fẹ́ wọ̀ lọ sí òde ìkómọ kì í gba irú ìtọ́jú kan náà.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ti ń wo àwọn tí ń múra bí ará ìgbà náà lóde òní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a ra lésì tuntun tí ó le gbagidi, tí wọ́n lẹ òkúta dídán mọ́, wọn a rán an pinpin mọ́ra, wọn a gé ìró rẹ̀ dé orúnkún, wọn a sì ní olékú ni. Gígùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mú. Aṣọ obìnrin láwọn ọdún 1970 kò há mọ́ ara. Ó rọ̀, ó ń jábọ́ láti èjìká fúnra rẹ̀, ó sì ń yí ara ká bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ṣe ń rìn. Bí a bá ti gba ìtúra yìí kúrò lára rẹ̀, ohun tí ó kù kò ju ìró tí kò tó lọ. Nítorí náà, òfin tí mo gbé kalẹ̀ fún ara mi ni pé n kò ní gé lésì náà, n kò ní fún un mọ́ra, àti pé ohunkóhun tí mo bá fi kún un gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn lè tú kúrò láì fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀.

Oṣù Bélú: irú aṣọ tí ó jẹ́, àti bí mo ṣe bá a

Kì í ṣe ọwọ́ ni wọ́n fi hun lésì yìí. Aṣọ òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀rọ ńlá fi òwú aláwọ̀ ọsàn àti aláwọ̀ ilẹ̀ ya òdòdó sí, tí ó sì lu ojú ihò róbótó sí àárín òdòdó kọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní Schiffli, ni Isaak Gröbli ṣe ní Switzerland ní 1863. Àwọn oníṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ ní ìlú Lustenau, ní ẹkùn Vorarlberg ní Austria, tí ó fara kan ààlà Switzerland, ni wọ́n wá fi irú ẹ̀rọ yìí ṣe lésì fún ọjà Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960. Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì gba àjẹsílẹ̀ owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn, ní 1975, lésì di aṣọ tí òde kì í ṣe láì sí i. Màmá Ìbàdàn jẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ó sì jẹ́wọ́ fún mi láì tijú pé owó Udoji ni òun fi ra èyí.

Bí ẹ̀rọ Schiffli ṣe ń ṣiṣẹ́ ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó fẹ́ tún lésì àtijọ́ ṣe. Òwú méjì ni ó ń lò, ọ̀kan láti iwájú àti ọ̀kan láti ẹ̀yìn, tí wọ́n kọ́ ara wọn lọ́rùn gẹ́gẹ́ bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí òwú ẹ̀yìn bá já níbì kan, òdòdó iwájú lè máa tú díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ pé ihò kankan hàn lójú aṣọ. Ẹ̀yìn ni mo sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo tẹ́ ìró náà sórí aṣọ ìbùsùn funfun lẹ́bàá fèrèsé, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì fi òwú pupa fẹ́rẹ́ sàmì sí gbogbo ibi tí òwú ẹ̀yìn ti já.

Ìró náà fẹ̀ tó yáàdì méjì, gíga rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 36. Wọn kò rán ohun kankan mọ́ ọn ju ìṣẹ́tí tóóró tí ó wà lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lọ, nítorí ẹ̀rọ ti fi òdòdó gé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti ká a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbàwọ́n irin tí ó dógùn-ún wà ní igun kan, níbi tí ẹnì kan ti gbàgbé píìnì sí. Abíyá bùbá ti rẹ̀ nítorí òógùn, àwọn ojú ihò kan ti ya wọnú ara wọn, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo yàrá kan. Ìborùn ni ó dára jù lọ nínú wọn, bóyá nítorí pé èjìká ni ó ń gbé, kò sí ohun tí ń fà á.

Mo fa fọ́nrán òwú kan yọ láti inú ojú ìrán bùbá, mo sì fi iná sí i. Ó rùn bí ìwé tí ń jó, eérú rẹ̀ sì rún bí mo ti fọwọ́ kàn án. Ká ní pọliẹ́sítà ni, ìbá yọ́, ìbá sì gbá jọ di kókó líle. Òwú tí ó ń dán lára òdòdó ni ó kọ mí lóminú díẹ̀, nítorí réyọ́nù pẹ̀lú máa ń jó bí òwú, ṣùgbọ́n agbára réyọ́nù ń dínkù nínú omi, nígbà tí òwú gidi ń lágbára sí i bí ó bá tutù. Mo pinnu láti ṣe é bí ẹni pé réyọ́nù ni: ohunkóhun tí ó bá máa wọ inú omi gbọ́dọ̀ wà lórí aṣọ mìíràn tí yóò gbé e dúró, kí ìwúwo omi má baà fà á ya.

Oṣù Ọ̀pẹ̀: fífọ̀

Ìtò iṣẹ́ ni ó ṣe pàtàkì jù níhìn-ín, n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí mo ti rí lésì àtijọ́ tí ó di jákujàku lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní èrò rere. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń da búlíìṣì oníkólóríìnì sí aṣọ funfun tí ó bá ti pọ́n. Búlíìṣì bẹ́ẹ̀ a máa jẹ òwú tí ó ti dàgbà, a sì máa mú kí àbàwọ́n irin le koko sí i dípò kí ó kúrò. Èyí tí mo fẹ́ lò ni sodium percarbonate, tí ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, tí ó sì rọ òwú lọ́rùn. Ṣùgbọ́n òun náà ní ọ̀tá: bí irin bá wà lára aṣọ tàbí nínú omi, irin náà a máa ru agbára rẹ̀ sókè ju bó ti yẹ lọ, á sì jó ibi tí àbàwọ́n wà títí yóò fi di ihò. Àbàwọ́n irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò, omi tí a ó sì lò gbọ́dọ̀ mọ́ lọ́wọ́ irin. Omi kànga ilé wa máa ń fi àmì pupa sí ara bàsíà, nítorí náà omi òjò tí mo ti gbè sílẹ̀ láti ìparí ìgbà òjò ni mo lò fún gbogbo rẹ̀.

Fún àbàwọ́n irin, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ tó. Mo fún omi ọsàn sí ojú ibẹ̀ nìkan, mo bu iyọ̀ lé e, mo jẹ́ kí ó jókòó níbi òjìji, mo sì ṣàn án dáadáa kí ó tó gbẹ, nítorí kíkan ọsàn tí ó bá gbẹ mọ́ òwú yóò máa bá a jà lẹ́yìn ọ̀la. Mo tún un ṣe títí tí ó fi ṣẹ́kù òjìji àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí ẹni tí kò bá wá a kò lè rí. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo dán àwọ̀ òdòdó wò. Mo fi aṣọ funfun tí mo rẹ sínú omi ọṣẹ tẹ ẹ̀yìn òdòdó aláwọ̀ ọsàn kan tí ó wà nínú ìṣẹ́tí, mo sì tún fi omi percarbonate ṣe bẹ́ẹ̀ lórí òmíràn. Kò sí àwọ̀ tí ó jáde. Bí ó bá jáde ni, omi lásán ni ìbá jẹ́ ìpín rẹ̀, a ó sì gba pípọ́n rẹ̀ bí ó ṣe rí.

Mo tẹ́ ìró sórí aṣọ ìbùsùn, mo gbá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú báàfù tí omi òjò lásán wà nínú rẹ̀. Omi àkọ́kọ́ pọ́n gan-an, èkejì pọ́n díẹ̀. Sítáàṣì àtijọ́, òógùn, eruku àti ọṣẹ tí wọn kò ṣàn tán ni gbogbo ohun tí ń jáde wọ̀nyẹn, ó sì yà mí lẹ́nu bí aṣọ ṣe mọ́ tó kí ọṣẹ tó débẹ̀ rárá. Ọṣẹ olómi tí kò ní àwọ̀ tẹ̀ lé e, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, n kò fún un, n kò bó o. Percarbonate ni ó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìṣàn tó pọ̀, mo gbé e jáde pẹ̀lú aṣọ ìbùsùn rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí táwẹ̀lì nínú ilé. Ọyẹ́ ti dé, ó sì gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Funfun rẹ̀ kì í ṣe ti ìwé, funfun ẹyin ni, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé aláwọ̀ ọsàn náà kò ní bá funfun tí ń ta ojú ní ìrẹ́.

Oṣù Ṣẹẹrẹ: ojú ihò àti òwú tí ó já

Abẹ́rẹ́ tín-ínrín àti òwú ìránṣọ tí ó jẹ́ òwú gidi ni mo lò. Pọliẹ́sítà tí ó kún ọjà lágbára ju lésì yìí lọ, bí ìfà bá sì dé, òwú kọ́ ni yóò já, aṣọ ni yóò ya. Ohun àtúnṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba ìyà.

Níbi tí òwú ẹ̀yìn ti já, mo kàn ń gbá ẹnu rẹ̀ mú pẹ̀lú ìrán wẹ́wẹ́ láti ẹ̀yìn kí òdòdó má baà tú síwájú. Níbi tí ojú ihò ti ya, mo fi ìrán ojú bọ́tìnnì yí etí rẹ̀ ká. Ibi tí ihò méjì ti di ọ̀kan ni ó gba sùúrù: mo gé nẹ́ẹ̀tì òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní òṣùwọ̀n tí ó ju ihò lọ díẹ̀, mo fi í sí ẹ̀yìn, mo rán etí rẹ̀ mọ́ ibi tí aṣọ ti lágbára, lẹ́yìn náà ni mo fi òwú funfun tún ògiri tí ó wà láàárín ihò méjèèjì kọ́ lórí nẹ́ẹ̀tì náà. Bí ẹni bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ yóò rí i. Bí ó bá wà lára, yèrì tí ó wà nísàlẹ̀ yóò bo nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀.

Mo gbìyànjú láti rí òwú tí àwọ̀ ọsàn rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, mo yí gbogbo ìsọ̀ olówùú ní Gbági, kò sí èyí tí ó ṣe é. Ti òde òní mọ́lẹ̀ jù. Mo fi òwú tí ó pàwọ̀ díẹ̀ ju ti òdòdó lọ ṣe é, nítorí ojú a máa fo ohun tí ó pàwọ̀ ju ohun tí ó mọ́lẹ̀ lọ.

Oṣù Èrèlé: bùbá

Bí a ṣe ń gé bùbá ìgbà náà yẹ fún àlàyé, nítorí inú rẹ̀ ni ìtúra tí mo ń sọ wà. Kò sí ojú ìrán ní èjìká. Wọ́n ṣẹ́ aṣọ sí méjì, wọ́n gé ọrùn róbótó sí ojú ìṣẹ́po, wọ́n sì so apá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ní òró gbọọrọ láì gbẹ́ abíyá rárá. Apá náà fẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dúró ní àárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Àwòrán igun mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí aṣọ ti ṣòfò, ẹni tí ó sanra díẹ̀ àti ẹni tí ó tín-ínrín sì lè wọ ọ̀kan náà.

Mo sanra ju bí Màmá Ìbàdàn ṣe rí nígbà tí ó rán an, ṣùgbọ́n apá òkè nìkan ni ó ti há mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ládùúgbò wa láti gba ìmọ̀ràn rẹ̀, òun náà sì rí i pé lésì gidi ni, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ di sìkẹ́ẹ̀tì àti bùláósì fún yín. Mo máa fi síìpù sẹ́yìn, yóò sì gbé ara yín jáde."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kí ó má gbé ara mi jáde ni mo fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ohun tí ó wúlò jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà hàn mí: ó yí bùbá síta, ó ní kí n wo inú ojú ìrán. Télọ̀ tí ó rán an ní 1975 ti fi àyè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ká a mọ́ inú. Obìnrin ìgbà náà mọ̀ pé òun yóò bímọ, òun yóò sì yí padà. Aṣọ tuntun tí a ń rán lónìí kì í sábà ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo rẹ̀ ni a ti gé dànù kí ó lè bára mu.

Mo tú ojú ìrán ẹ̀gbẹ́, mo sì tún un rán sí ìdajì íǹṣì ní etí àyè náà. Fún abíyá, mo rán ègé òwú funfun onígun mẹ́rin kan sí abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, íǹṣì mẹ́rin ní ìbú àti ní òró, tí a dá igun rẹ̀ sí òkè àti ìsàlẹ̀. Òun ni yóò máa gba ìfà nígbà tí mo bá gbé ọwọ́ sókè, òun náà ni yóò sì máa mu òógùn. Ìrán gígùn ni mo fi so ó, kí a lè máa yọ ọ́ fọ̀. Yàtọ̀ sí ojú ìrán wọ̀nyí àti àtúnṣe ojú ihò, lésì ìgbà náà fúnra rẹ̀ kò ní ojú abẹ́rẹ́ tuntun mìíràn.

Ìró: gígùn rẹ̀ àti bí kò ṣe ní tú

Àwòrán kan wà tí Màmá Ìbàdàn yà nílé ayàwòrán ní 1975, tí ó dúró gbọnrangandan, tí aṣọ yìí wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fi rúlà wọn àwòrán náà dípò kí n máa fojú bù ú. Bí a bá pín ààyè láti èjìká dé orúnkún sí ọ̀nà mẹ́jọ, bùbá gba bíi márùn-ún, ìró tí ó hàn sì gba mẹ́ta. Etí ìró dúró gan-an ní orí eégún orúnkún, kò gun òkè rẹ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ìṣirò yìí ni ó ń mú kí ìmúra náà rí bí ó ṣe rí. Ẹni tí ó bá gé bùbá kúkúrú kí ìró lè hàn dáadáa ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Gíga íǹṣì 36 pọ̀ jù fún èyí. Wọn kò gé e nígbà náà, wọ́n ń ṣẹ́ òkè rẹ̀ wọnú ni, bùbá a sì bo ibi tí ó ki sí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tí ó kù ni pé ìró kúkúrú tí a kàn lọ́ mọ́ ìdí a máa ṣí bí a bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí a bá ń wọ ọkọ̀, àwa tí a ti bá síìpù dàgbà kò sì ní ọwọ́ tí àwọn ìyá wa fi ń tún ìró ṣe lójú agbo láì dá ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dúró. Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Shade Thomas-Fahm, tí ó kọ́ṣẹ́ aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ṣí ilé ìtajà aṣọ rẹ̀ ní Èkó láwọn ọdún 1960, ti sọ ìró di aṣọ onísíìpù tí obìnrin lè wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ó sì ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní àkókò. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àfihàn Africa Fashion tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí ní 2022. Ọ̀nà rẹ̀ dára fún aṣọ tuntun, ṣùgbọ́n síìpù ń béèrè pé kí a gé lésì, èyí tí mo ti kọ̀.

Yèrì ni mo jẹ́ kí ó ru ẹrù náà. Mo rán yèrì òwú aláwọ̀ ẹyin tí ó kúrú ju ìró lọ ní íǹṣì kan, mo sì fi ìgbànú aṣọ tí ó le sí òkè rẹ̀, họ́ọ̀kù méjì ni ó dè é. Mo rán téèpù òwú sí ẹ̀yìn ìṣẹ́tí òkè ìró, mo fi bọ́tìnnì àtẹ̀mọ́ra sí ara téèpù náà àti sí ìgbànú yèrì. Ìró ń lọ́ yíká bí ìró, etí rẹ̀ ṣì ń ṣí díẹ̀ bí mo bá ń rìn, bí ó ṣe yẹ kí ó rí, ṣùgbọ́n kò lè já bọ́. Téèpù náà lè kúrò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti sùúrù. Yèrì yìí tún yanjú ọ̀rọ̀ ojú ihò, nítorí lésì olójú ihò láì sí ohun tó dára lábẹ́ rẹ̀ a máa sọ ohun tí a kò rán an.

Oṣù Ẹrẹ́nà: bàtà gárántì

Awọ òkè bàtà náà ṣì dára, ó kàn gbẹ ni. Ìpara awọ àti ìsinmi fi í sílẹ̀ ní rírọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ti tán: gìgísẹ̀ àti pẹpẹ iwájú jẹ́ fóòmù polyurethane, tí omi inú afẹ́fẹ́ àti ooru máa ń tú palẹ̀ bí ọdún bá ti gorí ọdún, yálà a wọ̀ ọ́ tàbí a kò wọ̀ ọ́. Ó ń ya lulẹ̀ bí àkàrà tí ó ti sùn. Bàtà ìgbà náà tí wọ́n fi igi tàbí kọ́ọ̀kì ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ní àrùn yìí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọ̀kan nídìí bọ́síkọ́nà fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó náwó.

Aránbàtà tí mo gbé e fún gba pé igi ni a ó fi rọ́pò rẹ̀, ó sì yan arère, tí ó fúyẹ́, tí ó sì rọrùn láti gbẹ́. Awọ tí wọ́n fi bo gìgísẹ̀ àtijọ́ ṣì wà, òun ni a fi mọ gíga rẹ̀: íǹṣì mẹ́rin lẹ́yìn, íǹṣì kan àbọ̀ níwájú. Ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan ni ẹsẹ̀ ń mọ̀, íǹṣì méjì àbọ̀, ìdí nìyí tí bàtà gárántì fi ń dẹ́rù ba ojú ju bí ó ṣe ń ni ẹsẹ̀ lára lọ. Ó gbẹ́ ẹ, ó fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó kéékèèké kan awọ òkè mọ́ ọn, ó sì lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ kí igi má baà yọ̀ lórí táìsì. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi yí bàtà náà lọ́wọ́ láti wá ibi tí wọ́n ti tún un ṣe.

N kò ka bàtà yìí sí ẹ̀ṣọ́ lásán. Pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ, bùbá fífẹ̀ àti ìró dé orúnkún a máa mú kí ènìyàn rí bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Gíga yìí ni ó ń dá ẹsẹ̀ padà fún aṣọ tí ó ti gba gbogbo òkè. Iṣẹ́ kan náà ni bàtà yìí ń ṣe fún ṣòkòtò bóńgò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí ó ń gbá ilẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọge Èkó ń wọ̀ ọ́.

Gèlè

Gèlè dámásìkì aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Mo rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì tí ó ṣàn, mo lọ̀ ọ́ nígbà tí ó ṣì tutù díẹ̀. Ségò òde òní le bí ìwé, ó sì ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó máa ń jẹ gàba lórí ìró kúkúrú. Gèlè ìgbà náà a máa ga, kì í fẹ̀. Màmá Ìbàdàn ni ó wé e fún mi, mo sì fi fóònù ká ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí yíyípo kan wà lẹ́yìn etí òsì tí n kò lè fi ẹnu ṣàlàyé.

Oṣù Igbe: wíwọ̀

Òde ìkómọ ni mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ. Bọ́tìnnì àtẹ̀mọ́ra di ìró mú ní ìjókòó, ní ìdìde àti nínú ijó. Ohun kan ṣoṣo tí mo yí padà lẹ́yìn òde náà ni ẹ̀gbà ọwọ́: èyí tí ó ní kókó a máa kọ́ ojú ihò apá bùbá, nítorí náà èyí tí ó dán ni mo ń lò báyìí pẹ̀lú lésì yìí. Mo di irun olówùú, irú èyí tí ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, J. D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán wọn ní 1968, ṣùgbọ́n gèlè bo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi wíìgì áfúrò àti gíláàsì òòrùn ńlá kún un. Mo kọ̀. Bí a bá kó gbogbo àmì ìgbà kan lé ara lẹ́ẹ̀kan náà, ìmúra a di ti orí ìtàgé. Aṣọ tí ó bá pé fúnra rẹ̀ kò nílò ẹlẹ́rìí.

Bùbá náà ti di aṣọ ojoojúmọ́ ju ìró lọ. Mo ń wọ̀ ọ́ sórí ṣòkòtò jíǹsì aláwọ̀ aró tí kò há, pẹ̀lú ẹ̀wù abẹ́lẹ̀ aláwọ̀ ẹyin, kò sì sí ẹni tí ó rò pé mo ń lọ sí òde ìdíje. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé gígé onígun mẹ́rin náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìgbà náà. Mo ti gbé àwòrán gígé rẹ̀ sórí ìwé, mo sì ti fi òwú àdìrẹ rán ọ̀kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní yunifásítì.

Fún ìtọ́jú, mo fọ sítáàṣì kúrò lára gèlè kí n tó gbé e pamọ́, nítorí kòkòrò fẹ́ràn sítáàṣì. N kò ká lésì mọ́; mo ń yí i mọ́ ara ọ̀pá páálí tí mo fi tẹ́ẹ̀rú funfun tí a ti fọ̀ bò, ojú òdòdó ń wo ìta, kò sì sí píìnì kankan lára rẹ̀. Káńfọ̀ kò wọ inú àpótí náà. Bí mo bá fẹ́ lọ̀ ọ́, mo ń dojú rẹ̀ dé orí táwẹ̀lì tí ó nípọn kí òdòdó má baà tẹ́. Màmá Ìbàdàn ti ránṣẹ́ pé lésì kejì wà, aláwọ̀ ojú ọ̀run, pé ó ti ya ní ìdí, pé kí n wá mú un.